Pé Ẹ̀rọ Ò Rí Wárápá Kò Ní Kí Ẹ Da Oògùn Ọmọ Nù

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá láti ìpàdé oṣù tó kọjá, a ò sì ní dákẹ́ lórí ẹ̀.

Ẹ rántí ọmọbìnrin wa tí wárápá ń gbé. Wọ́n mú un lọ ṣe EEG, ìwé dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí àléébù. Àwọn ẹbí ní, "Ẹ ò rí i báyìí? Ayé ni." Wọ́n gba oògùn lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Kò pẹ́, ó dé sí i nídìí iná, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ jóná.

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé fọ́tò ọpọlọ lẹ̀rọ yẹn ń yà. Rárá o. Ńṣe ló ń tẹ́tí. Wọ́n á lẹ irin pẹlẹbẹ kékeré bíi 21 mọ́ orí. Wọn ò fi iná sí èèyàn lára, iná tí ọpọlọ fúnra ẹ̀ ń ṣe ni wọ́n ń gbọ́. Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀ lórí èèyàn ní 1924. Tí ẹni tí ara ẹ̀ le bá dijú láìsùn, ìgbì kan á máa lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́yìn orí, ìgbà 8 sí 13 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá lajú, ó rọlẹ̀. Ti wárápá máa ń ta sókè ṣóńṣó bí ẹ̀gún, ìgbì tó lọ́ra á sì tẹ̀ lé e. Lára àwọn ọmọdé tó máa ń ṣàdédé wò dùù (tí tíṣà á máa nà pé wọn ò fọkàn síṣẹ́!), ó máa ń wá bí ìgbà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àmọ́ ìgbà tí ẹ̀gún yẹn bá yọjú nìkan lẹ̀rọ lè rí i. Ayẹ̀wò ò sábà ju ìdajì wákàtí lọ, ìdajì wákàtí 48 ló sì wà nínú ọjọ́ kan. Tẹ́ ẹ bá wọ ọjà Sábọ̀n Gàrí fún ìdajì wákàtí tẹ́ ò rí olè, ṣé ẹ máa búra pé kò sólè níbẹ̀ ni? Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní wárápá ni ayẹ̀wò àkọ́kọ́ kì í rí nǹkan kan lára wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí èèyàn má sùn dáadáa lóru, kó mí gúlegúle, kí wọ́n máa tan iná pa iná sí i lójú. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ tú irun, ẹ fọ òróró kúrò. Bí irin ò bá kan awọ orí, ariwo lásán lẹ máa gbà wálé. Àwọn kan náà sì wà tí ẹ̀gún yọ nínú ìwé wọn, tí wárápá ò gbé wọn rí. Kẹ́nikẹ́ni má fi ìwé EEG tú ìgbéyàwó ká.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní kọ̀ǹpútà ti ń dá a mọ̀ láìṣàṣìṣe. A ti gbọ́. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, orí àkójọ tí Yunifásítì Bonn gbé jáde ní 2001 ni wọ́n ti dán an wò: abala 500, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò tó ìṣẹ́jú àáyá 24. Ti àwọn tí ara wọn le, orí awọ ni wọ́n ti gbà á. Ti ìgbà tí wárápá ń gbé aláìsàn, inú agbárí. Ẹni tó ń gbọ́ ìlù láti ìta àti ẹni tó wà nídìí ìlù, ta ni ò ní mọ ìyàtọ̀ wọn?

Ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀ ni dókítà gbójú lé jù. Àwa ńkọ́? Nígbà tọ́mọ yẹn ṣubú nípàdé, gbogbo wa fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ torí ìfófòó! Wárápá kì í ranni, itọ́ ẹ̀ náà ò ranni. Ta ló wá fẹ́ sọ bóyá apá òsì ló kọ́kọ́ gbọ̀n? Ẹ wo aago, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki ṣíbí sí i lẹ́nu. Ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ fún dókítà, kì í ṣe fún status jàre. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ má sì ṣàdédé dá oògùn dúró, ìyẹn gan-an lè fa èyí tí ò ní dáwọ́ dúró.

A ti bá bàbá ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti gbà kó padà sídìí oògùn. Owó ayẹ̀wò kejì la ń dá báyìí. Akápò á máa gbà á lẹ́yìn ìpàdé Sunday.