Ẹ má fi agbára yọ bùjí tó há

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́ ní Fidjrossè, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ó kan ẹ̀yin mẹkáníìkì náà, àti àwọn ọmọṣẹ́ yín.

Bùjí ni ohun kékeré tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ̀rọ ọkọ̀. Bí ó bá gbó, a ní láti yọ ọ́, kí a fi tuntun sí i. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó ti pẹ́, ó máa ń há, kò ní yí mọ́. Kí ni à ń ṣe nígbà náà? A ń gbé òòlù. A ń ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ sípánà, kí agbára lè pọ̀ sí i. Ẹni tó ni ọkọ̀ dúró lẹ́yìn, ó ń pariwo pé: "Ẹ tètè, mo ń lọ sí Dantokpa!" Àṣà yìí kò dára. Ó ń ba ọkọ̀ wa jẹ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó fà á tí bùjí fi ń há. Fidjrossè wà létí òkun. Afẹ́fẹ́ òkun ń gbé iyọ̀ wá bá wa lọ́sàn-án àti lóru. Omi àti afẹ́fẹ́ ló ń mú irin dípẹtà. Iyọ̀ ń mú kí ó yá kíákíá. Ìpẹtà máa ń wú, ó ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Ó ń kún àárín eyín bùjí àti eyín ihò rẹ̀, ó sì ń dì wọ́n pọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, irin ni bùjí, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni orí ẹ̀rọ, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò. Alumíníọ̀mù rọ̀ ju irin lọ. Bí ẹ bá fi agbára yí bùjí, eyín ihò yóò fá, tàbí kí bùjí ṣẹ́ sínú ihò. A ó wá tú gbogbo orí ẹ̀rọ nítorí ohun kékeré kan.

Ta ni yóò san owó rẹ̀? Oní-ọkọ̀ ní mẹkáníìkì ni. Mẹkáníìkì ní ọmọṣẹ́ ni. Ọmọṣẹ́ kò rí ẹni tí yóò tì í sí, òun ló ń jẹ ìgbájú. Èyí kì í ṣe òdodo. Ẹni tó ní kí wọ́n yára ló jẹ̀bi.

Àwọn kan á ní: "Ọkọ̀ àlòkù ni, kí ló tún kù nínú rẹ̀?" Lóòótọ́, láti 2015 sí 2018, Yúróòpù, Jàpáànù àti Amẹ́ríkà kó ọkọ̀ àlòkù bíi mílíọ̀nù 14 lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Èbúté Cotonou wà lára ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Ọkọ̀ lè jẹ́ àlòkù, ṣùgbọ́n owó tí a fi rà á kì í ṣe àlòkù.

Ohun tó yẹ kí a ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù. Ẹ gbọn iyanrìn ẹ̀bá bùjí dànù, kí ó má bàa bọ́ sínú ihò. Ẹ kán epo tó ń tú ìpẹtà sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má fi kpayo sí i, ẹ má sì tan iná sí i, kí ọkọ̀ má bàa jóná. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sípánà tó bá a mu yí i díẹ̀, kí ẹ dá a padà díẹ̀. Bí ó bá tún le, ẹ dúró, ẹ tún kán epo sí i.

Ẹ̀yin oní-ọkọ̀, mẹkáníìkì tó ní kí ẹ padà wá lọ́la kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ san owó sùúrù rẹ̀ fún un. Àwọn baba wa sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ti mọ ìwé kọ, ẹ máa kọ ọjọ́ tí wọ́n yọ bùjí sílẹ̀. Bí ọdún bá yí po, ẹ ní kí wọ́n tún yọ ọ́ wò kí ó tó há.