Gẹ̀ẹ́sì Kò Ní Kí A Pa Yorùbá

Nígbà tí a bẹ ìlú Singapore wò, a rìn ní òpópónà South Bridge. Mọ́sáláṣí Jamae ti 1826 wà níbẹ̀. Tẹ́ńpìlì Sri Mariamman ti àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ti 1827, kò jìnnà sí i. Ilé ìtajà àwọn ará Ṣáínà sì yí méjèèjì ká. Ọ̀kan kò lé èkejì.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó wọ̀ wá lọ́kàn jù. Mẹ́rin ni ìjọba wọn fọwọ́ sí: Malay, Mandarin, Tamil àti Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ọmọ a máa kọ́ èdè ìran rẹ̀ pẹ̀lú.

Nílé ńkọ́? Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn ogun 1892, Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀ ni a fi wàásù fún àwọn baba wa. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì pàápàá, olúkúlùkù gbọ́ ní èdè rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti òbí, odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ẹ jẹ́ kí a fi àjọ̀dún yìí dá ẹ̀bùn sílẹ̀ fún ọmọ tí ó bá mọ Yorùbá kọ jù, kí ìtanràn sì dópin.