Orin Ẹ̀dùn Ọkàn Tí Ó Ṣeé Jó Sí

Àwọn kan gbà pé orin ẹ̀dùn ọkàn gbọ́dọ̀ falẹ̀. Orin kan láti ilẹ̀ Kòríà fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bulgeun Noeul ni orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ojú ọ̀run tí ó pọ́n nígbà tí oòrùn ń wọ̀. Lee Young-hoon ni ó kọ ọ́ sílẹ̀, Lee Moon-sae sì kọ ọ́ jáde ní ọdún 1988.

Ìlù rẹ̀ yára, dùùrù oníná sì ń dún gbọnrangandan nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ á fẹ́ jó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọrin ń wo ọ̀run pupa, ó ń rántí ẹni tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Kò bínú, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń kígbe ìfẹ́ rẹ̀ ni. Ì bá ṣe pé ìlù náà falẹ̀, igbe yẹn ì bá di ẹkún lásán. Ìyára ìlù ni ó ń sọ fún olùgbọ́ pé ilẹ̀ ń ṣú lọ, oòrùn kò sì ní dúró.

Ní ọdún 2008, àwọn ọ̀dọ́ olórin tí wọ́n ń jẹ́ BIGBANG tún orin náà kọ. Tiwọn yẹ òde àríyá, ariwo pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀dùn ọkàn sì dín kù. Síbẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bẹnu àtẹ́ lù wọ́n. Lee Young-hoon ti kú ní oṣù kejì ọdún yẹn. Ní oṣù kọkànlá, orin rẹ̀ tún wà lẹ́nu àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọwọ́, tàbí tí a kò tilẹ̀ tí ì bí, nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde.