Kí Gáráàjì Tó Ra Ẹ̀rọ Ìdíwọ̀n Agbára

Ẹ̀yin mẹkáníìkì Kétu, ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ̀yin tí ẹ fi ọmọ yín sí ẹnu iṣẹ́ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé gáráàjì tí kò ní ẹ̀rọ dínámómẹ́tà kì í ṣe gáráàjì mọ́. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ kó owó èsúsú jọ, kí wọ́n yá èyí tí ó kù, kí wọ́n sì rà á. Àwa ní: ẹ má tíì rà á. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń sọ pé etí ọ̀gá tó, pé kò sí ohun tí a fẹ́ wọ̀n. Àwa ní: etí nìkan kò tó. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ méjèèjì wò.

Kí ni dínámómẹ́tà? Ẹ̀rọ tí ń wọn agbára ẹ́ńjìnnì ni. A ó gbé táyà ọkọ̀ lé orí irin róbótó. A ó fi okùn líle de ọkọ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà fò jáde. Nígbà tí dẹrẹ́bà bá mú kí ọkọ̀ sáré, táyà yóò máa yí irin náà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní kúrò lójú kan. Ẹ̀rọ náà yóò máa di irin mú, yóò sì fi iye agbára tí táyà fi ń yí i hàn.

Ẹṣin ni a fi ń ka agbára yìí. Láyé àtijọ́, ẹṣin ni ó ń yí ọlọ nílẹ̀ òyìnbó. Nígbà tí James Watt ń ta ẹ̀rọ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ohun tí ó lé ní 200 ọdún sẹ́yìn, ó fi agbára ẹ̀rọ náà wé ti ẹṣin kí àwọn oníbàárà lè mọ ohun tí wọ́n ń rà. Bí àwọn Faransé ṣe ń kà á nìyí: bí a bá gbé ẹrù kílò 75 sókè ní mítà kan, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, agbára ẹṣin kan ni a lò. Ní 1821, Gaspard de Prony, ọmọ Faransé, ṣe bíréèkì kan tí ó fi wọn agbára ẹ̀rọ. Ní 1877, William Froude nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe èyí tí ń lo omi. Nítorí náà, dínámómẹ́tà kì í ṣe ẹ̀rọ ẹ̀tàn. Ó wúlò fún àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ eré ìje, àti fún gáráàjì ńlá tí ọkọ̀ máa ń tò sí lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ṣé ó wúlò fún wa ní Kétu? Ẹ mú bírò, kí a jọ ṣírò.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹ̀rọ náà, pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ láti Kútọnu àti ilé tí a ó kọ́ fún un, gba 15,000,000 sẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé oníbàárà kọ̀ọ̀kan yóò san 10,000 sẹ́fà kí a tó wọn ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ mélòó ni yóò dá owó náà padà? Ọkọ̀ 1,500 ni. Bí ọkọ̀ méjì bá ń wá lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 750 ni. Ìyẹn ju ọdún 14 lọ! A kò sì tíì ka èlé owó tí a yá, iná mànàmáná, àti àtúnṣe ẹ̀rọ náà. Ọmọ tí ó wọ iṣẹ́ lónìí yóò ti di ọ̀gá, yóò ti ní ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀, gbèsè kò tíì tán.

Ẹ̀yin fúnra yín mọ oníbàárà yín. Ta ni nínú wọn ni yóò san 10,000 sẹ́fà kí ó kàn lè mọ iye ẹṣin? Ohun tí dẹrẹ́bà takisí Pọ́bẹ̀ ń béèrè ni pé: kí ló dé tí ọkọ̀ mi kò gun òkè mọ́? Oní-zémijàn ń béèrè pé: kí ló dé tí alùpùpù mi ń mu epo bí ẹja? Ẹni tí ó ní ọlọ àgbàdo ń béèrè pé: kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì mi ń tú èéfín dúdú?

Dínámómẹ́tà kì í dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí tán. Ẹ ti rí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ ọwọ́ nílé ìwòsàn. Bí ọmọ bá fọn, òṣùwọ̀n yóò sọ pé ó fọn. Kò ní sọ bóyá ibà ni, tàbí ebi, tàbí aràn. Bẹ́ẹ̀ ni dínámómẹ́tà rí. Yóò sọ pé agbára ẹ́ńjìnnì ti dín kù. Ibi tí agbára náà gbà lọ, ọ̀gá ni yóò wá a. Ó lè jẹ́ pé eruku pupa ilẹ̀ wa ni ó dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó lè jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń yọ̀. Ó lè jẹ́ bíréèkì ni ó di táyà mú tí kò tú u sílẹ̀.

Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ epo. Púpọ̀ nínú wa ń ra epo kpayo tí a ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, epo yìí ti wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Epo inú ìgò tòní lè má rí bí ti àná. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ olówó ńlá tún ẹ́ńjìnnì ṣe lórí epo tòní, tí oníbàárà sì lọ ra epo tí wọ́n ti lú ní ọ̀la, kí ni èrè iye tí ẹ kà?

Nísinsìnyí, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé etí tó, ẹ dúró! Ó yẹ kí a wọn nǹkan. Etí ọ̀gá dára, ṣùgbọ́n oníbàárà kò lè fi etí ọ̀gá gbọ́. Ọ̀gá ní ọkọ̀ ti dára, oníbàárà ní kò dára, ìjà dé. Ta ni yóò là á?

Àgbà ní kí a gún iyán nínú ewé, kí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó. Owó tí kò tó ìdá kan nínú ìdá ọgọ́rùn-ún 15,000,000 náà yóò ra àwọn ohun èlò kékeré tí a lè máa lò lójoojúmọ́. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ń wọn bí sìlíńdà ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fi ohun èlò náà sí ihò rẹ̀, ẹ yí ẹ́ńjìnnì. Bí sìlíńdà mẹ́ta bá fi 11 hàn, tí ìkẹrin fi 6 hàn, ẹ ti mọ ibi tí àrùn wà. Ẹ da epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú ìkẹrin, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá gòkè, rínǹgì ni ó ti jẹ. Bí kò bá gòkè, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ fáàfù ni kò pa dé dáadáa. Dínámómẹ́tà kò lè sọ èyí fún yín.

Ìkejì ni ẹ̀rọ kékeré tí ń ka àrùn ọkọ̀ tí ó ní kọ̀ǹpútà nínú. Láti 1996, gbogbo ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ni ó gbọ́dọ̀ ní ihò kan náà tí a ń ki ẹ̀rọ yìí bọ̀. Ní Yúróòpù, láti 2001 ni fún ọkọ̀ tuntun tí ń lo ẹsáńsì. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ni wọ́n ń gbà ní èbúté Kútọnu wá sọ́dọ̀ wa.

Ìkẹta ni ó pọn dandan jù, ó sì rọrùn jù: ìwé àti bírò. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ ti ní i. Kí oníbàárà rọ epo kún, kí ẹ kọ iye kìlómítà. Kí ó rìn, kí ó tún rọ epo kún, kí ẹ kọ iye lítà. Bí ó bá mu lítà 30 fún kìlómítà 300 kí ẹ tó tún un ṣe, tí ó wá mu 27 lẹ́yìn rẹ̀, lójú ọ̀nà kan náà àti pẹ̀lú ẹrù kan náà, ẹ fi ìwé hàn án. Ojú rẹ̀ yóò rí i, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì mọ̀ ọ́n nínú àpò. Ìjà tán.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan. Ẹ máa kọ iye àwọn tí wọ́n béèrè agbára ọkọ̀ wọn ní ti gidi. Bí ìwé yín bá fi hàn pé wọ́n pọ̀, kí àwọn gáráàjì Kétu, Pọ́bẹ̀ àti Sàkété jókòó pọ̀, kí wọ́n ra ẹyọ kan ṣoṣo. Bí wọn kò bá pọ̀, ẹni tí ó bá nílò rẹ̀ lè lọ sanwó wọn ọkọ̀ rẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ náà wà nílùú ńlá.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé gbèsè wá lónìí, ẹ má yára tẹ ìka. Ẹ kà á. Ẹ béèrè: èló ni gbogbo rẹ̀, ọkọ̀ mélòó ni yóò san án, ọdún mélòó? Bí ẹni náà kò bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà fún un, kí ẹ fi owó èsúsú yín ra ohun tí yóò ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ọ̀la.