Kí Ẹ Tó Pè É Ní Ọ̀lẹ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ télọ̀ kan fún yín lónìí, kí ẹ bá mi dá a.

Ọdún 14 ni ọkùnrin náà fi ránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá obìnrin kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òun ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ ọrùn agbádá fún, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà sì mọ bí ó ti máa ń rí ní ìlú wa nígbà tí Iléyá bá ń bọ̀: gbogbo ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni yóò fẹ́ kí aṣọ wọn ti délé kí ọjọ́ kẹta ọdún, tí í ṣe Ojúde Ọba, tó pé. Télọ̀ kì í sùn lásìkò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mò ń wí yìí, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni ọkùnrin yìí yóò ká aṣọ rẹ̀, tí yóò ní ó rẹ òun. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ó ń pè kí wọ́n wá bá òun ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Bí ọmọ bá sì pẹ́ díẹ̀, igbe ni. Ojú rírán rẹ̀ kò gún mọ́. Agbádá méjì ni wọ́n tú, tí wọ́n tún un rán.

Ọ̀gá rẹ̀ rò ó títí, ó ní ìgbéraga ni, pé ó fẹ́ lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, ìjà tí yóò bá lọ ni ó ń wá. Àwọn yòókù ní ọwọ́ ayé ni. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ọdún ó pé ni wọ́n lé e.

Ẹni ọdún 46 ni. Ojú ni ó ń ṣe é.

Bí ènìyàn bá ti ń tó ẹni 40 ọdún, awò kékeré tí Ọlọ́run dá sínú ẹyin ojú a máa le, kì í sì lè rọ̀ dáadáa mọ́ láti wo ohun tí ó wà nítòsí. Onítọ̀hún yóò rí ẹyẹ lórí igi lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n ojú abẹ́rẹ́ yóò ṣú mọ́ ọn lójú, àgàgà ní alẹ́. Ọjọ́ orí ni ó fà á. Díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń wọlé, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń ṣe pàápàá lè má mọ̀ pé ojú ni. Ohun tí ó mọ̀ ni pé orí ń fọ́ òun lálaalẹ́, àti pé iṣẹ́ tí òun fẹ́ràn ti di ìyà.

Ní Assam ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn oníṣègùn ojú ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2018, láàárín àwọn 751 tí ń já ewé tíì lóko, tí gbogbo wọn ti pé ẹni 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fún apá kan ní awò ojú tí kò wọ́n rárá, wọ́n ní kí apá kejì dúró ná. Ewé tí àwọn tí ó gba awò ń já lójúmọ́ pọ̀ sí i ju ti àwọn tí kò gbà lọ. Ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bí 22 nínú 100. Ẹ wá wo irú ẹjọ́ tí ẹni tí ó bá ti pè wọ́n ní ọ̀lẹ tẹ́lẹ̀ dá!

N kò sọ pé kò sí ọ̀lẹ láyé. Ó wà, mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti gba ọ̀lẹ síṣẹ́ ni ó ti ń ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí ó ti ń ṣe dáadáa bọ̀ láti ọdún pípẹ́ tí ó wá yí padà, kí a má fi wé ẹni tí ó jókòó tì í. Òun fúnra rẹ̀ ti èṣí ni kí a fi í wé.

Ọmọkùnrin tí ń bá yín lọ ata lọ́jà ńkọ́? Ẹ pè é, kò dáhùn, ẹ ní aláfojúdi ni. Bí ó bá di pé kí ẹ pariwo kí ẹni tí ọwọ́ yín lè tó tó gbọ́ yín, ariwo ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti tó láti ba etí ẹni tí ń dúró tì í lójoojúmọ́ jẹ́, etí tí ó bá sì bàjẹ́ báyìí kì í padà bọ̀ sípò. Ẹni tí ó ń mu omi ṣáá tí ó sì ń jáde lọ tọ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹ ní ó ń sá fún iṣẹ́. Ó lè jẹ́ àtọ̀gbẹ.

Ti ọkàn ni ó ṣòro jù, nítorí pé àwọn ènìyàn wa kì í sábà wí pé ọkàn àwọn bàjẹ́. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ tí ó ṣiṣẹ́ ní Arò lẹ́bàá Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní ọdún 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ wa: wọ́n ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí, ìwé kò wọlé mọ́. Ní Arò kan náà, láti ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò kò ti gbogbo aláìsàn ọpọlọ mọ́lé. Ọ̀pọ̀ wọn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, pẹ̀lú ìbátan kan tí ń tọ́jú wọn; wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣiṣẹ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ àti ojúlùmọ̀ wà lára oògùn níbẹ̀. Àwa sì ni a ń lé ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àti láàárín ojúlùmọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!

Bí ẹ bá fẹ́ bi òṣìṣẹ́ yín, ẹ má ṣe bi í lójú ọmọ iṣẹ́. Irọ́ ni yóò pa fún yín nítorí ìtìjú. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ pe orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí gan-an: “Mo rí i pé alẹ́ ń ni yín lára láti bí oṣù mẹ́ta.” Kí ẹ wá dákẹ́. Bí ó bá jẹ́ ojú, ẹ má jẹ́ kí ó kàn ra awò lórí àtẹ kí ó máa lọ. Kí ó kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn, nítorí pé àrùn ojú kan wà tí kì í dunni, tí ó ń fọ́ni lójú díẹ̀díẹ̀, tí ó sì wọ́pọ̀ lẹ́yìn 40 ọdún.

Télọ̀ wa ti ní awò báyìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ni ó ti ń ránṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì tún ti mọ́ bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n oníbàárà kò tíì mọ ibẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó lọ kí i. Ó ní òun yóò lọ tí ọdún bá kọjá.