Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Sí Ẹni Kúkurú Tó Fẹ́ Ra Kẹ̀kẹ́

  

Ìwé kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń gbé Ìlobùú, tó sì ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ ń jẹ owó oṣù òun bí ìkán ti ń jẹ igi. Ó ti yá owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ó fẹ́ fi ra kẹ̀kẹ́ ológeere, irú èyí tí táyà rẹ̀ nípọn tí àwọn òyìnbó ń pè ní mountain bike. Ó wá kọ ọ́ báyìí pé: "Mà, mo kúrú, n kò sì gun kẹ̀kẹ́ rí. Ẹni tó fẹ́ tà á fún mi ní kò sí wàhálà, òun yóò rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Ọkọ mi ní kí n ṣe sùúrù ná. Kí ni kí n ṣe?"

Bí mo ti kà á dé ibi tí wọ́n ti ní àwọn yóò rẹ ìjókòó sílẹ̀, ńṣe ni ọrùn ọwọ́ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Èmi náà kò ga. Bí mo bá bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íńṣì 11 péré ni mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá wa ní kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú kan, irú èyí tó ń ti Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, tí àwọn àgbẹ̀ oníkòkó àti àwọn olùkọ́ àtijọ́ fi ń rìn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin a máa ti ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ igi rẹ̀, wọn a sì máa gùn ún ní ẹ̀gbẹ́ kan bí alákàn. Èmi kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, wọ́n ní obìnrin ni mí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe pé ẹni àádọ́ta ọdún láìmọ kẹ̀kẹ́ gùn.

Nígbà tí owó ọkọ̀ wá le, èmi náà lọ ra tókùnbọ̀ kan. Kẹ̀kẹ́ náà dára lójú, ó ń dán, wọ́n sì kọ 19 sí ara igi rẹ̀. Ẹni tó tà á mú sípánà, ó rẹ ìjókòó sílẹ̀ títí kò fi lè lọ sílẹ̀ mọ́, ó ní, "Ẹ wò ó, mà, ó ti di tiyín." Mo jókòó sí i, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀. Inú mi dùn, mo kówó sílẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan kọ́ mi lórí pápá ilé ìwé, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń lọ sí Ìfọ́n ní òwúrọ̀. Ewúrẹ́ kan já lu títì. Mo tẹ bíréèkì, kẹ̀kẹ́ sì dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ mọ̀ pé bí ènìyàn bá dúró lójijì, kì í wà lórí ìjókòó mọ́. Ńṣe ni yóò sọ̀ síwájú, yóò sì fẹsẹ̀ méjèèjì tilẹ̀. Èmi náà sọ̀ síwájú, ṣùgbọ́n igi àárín kẹ̀kẹ́ ti ga ju itan mi lọ. Mo na ẹsẹ̀, n kò bá ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ dà, èmi náà dà, mo sì fi ọwọ́ òsì gbalẹ̀. Tírélà kan ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Awakọ̀ rẹ̀ ló yára tẹ bíréèkì, bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ni ì bá máa kọ ojú ewé yìí lónìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi di ọwọ́ mi.

Nígbà tí ọwọ́ san, mo ti kẹ̀kẹ́ náà lọ bá bàbá arúgbó kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, mo ní kí ó bá mi tà á, n kò ṣe mọ́. Bàbá wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó wo kẹ̀kẹ́, ó rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi, ta ni ó ní kí o gun èyí?"

Mo ní, "Bàbá, wọ́n bá mi rẹ ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀."

Ó ní, "Ìjókòó ni wọ́n rẹ̀ sílẹ̀, wọn kò rẹ igi. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kì í ṣe pé o kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn, aṣọ ẹlòmíràn ni o wọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí àbúrò mi tó kọ̀wé mú dání. Ohun tí bàbá kọ́ mi, pẹ̀lú ohun tí mo ti kà kún un, nìyí.

Èkíní, àbúrò mi, wọn ẹsẹ̀ rẹ kí o tó wọn kẹ̀kẹ́. Bọ́ bàtà, fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí o fi ìwé kan tí èèpo rẹ̀ le há àárín itan rẹ, kí o fà á sókè bí ẹni pé ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni. Jẹ́ kí ọkọ rẹ fi téèpù télọ̀ wọ̀n ọ́n láti orí ìwé náà dé ilẹ̀. Tèmi jẹ́ íńṣì 27. Igi kẹ̀kẹ́ mi àkọ́kọ́ sì jẹ́ íńṣì 30 sí ilẹ̀. Íńṣì 3 gbáko ni ó fi jù mí lọ! Bí mo bá wọ̀n ọ́n tẹ́lẹ̀ ni, owó mi kì bá bọ́ sí i, ọwọ́ mi kì bá sì ṣẹ́.

Èkejì, dúró sí iwájú ìjókòó, kí igi wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Lójú ọ̀nà ọ̀dà, àyè tó wà láàárín ìwọ àti igi kò gbọdọ̀ dín ní íńṣì 1. Lójú ọ̀nà eléèpẹ̀ tó ní kòtò àti gegele, kó má dín ní íńṣì 2. Bí kẹ̀kẹ́ bá kùnà níbi èyí, má wo ẹwà rẹ̀ mọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sípánà tàn ọ́. Àwọn kẹ̀kẹ́ kan wà tí igi wọn tẹ̀ wá sílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún obìnrin. Má tijú láti rà á; ó dára fún ẹni tó ń wọ yẹ̀rì tàbí ìró.

Ẹ̀kẹta, má jẹ́ kí nọ́ńbà tàn ọ́. Nọ́ńbà tó wà lára táyà, bíi 24, 26 tàbí 29, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni, kì í ṣe ìwọ̀n ẹni tó ń gùn ún. Èyí tí wọ́n kọ sára igi, bíi 14 tàbí 19, ni gígùn igi tí wọ́n ki ìjókòó bọ̀. Ẹni tó bá tó èmi ní gíga, kí ó máa wá 13 tàbí 14, kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì jẹ́ 24 tàbí 26. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ kan kì í wọ̀n ọ́n bí èkejì, nítorí náà ẹsẹ̀ ara rẹ ni kí o gbà gbọ́ ju nọ́ńbà lọ.

Ẹ̀kẹrin ni ọwọ́. Jókòó, kí o di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ìgúnpá rẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ díẹ̀. Bí o bá ní láti nà gbọọrọ bí ẹni tó ń ká ọsàn, ó gùn jù fún ọ nìyẹn. Fi ìka kan tàbí méjì fa bíréèkì. Bí ìka rẹ kò bá dé ibẹ̀ dáadáa, sọ fún atúnkẹ̀kẹ́ṣe. Lára ọ̀pọ̀ bíréèkì, ìṣó kékeré kan wà níbẹ̀ tí yóò fi mú un sún mọ́ ọ.

Ẹ̀karùn-ún ni gíga ìjókòó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ lè kan ilẹ̀. Bí ara rẹ bá ti balẹ̀, máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, nítorí ìjókòó tó bá rẹlẹ̀ jù a máa dun orúnkún. Ìwọ̀n rẹ̀ ni pé bí o bá fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ rẹ yóò nà tán. Nígbà tí o bá wá fi iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, orúnkún yóò tẹ̀ díẹ̀. Ilà kan wà lára irin ìjókòó. Má ṣe gbé e sókè títí ilà náà yóò fi hàn síta, kó má baà ṣẹ́.

Ẹ̀kẹfà, gbé kẹ̀kẹ́ náà sókè fúnra rẹ. Ní California ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1970 sí 1979, ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi kẹ̀kẹ́ àtijọ́ oní-táyà ńlá sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kí ilé iṣẹ́ Specialized tó gbé Stumpjumper tiwọn jáde fún títà ní 1981. Láti ibẹ̀ ni irú kẹ̀kẹ́ yìí ti tàn káàkiri. Táyà rẹ̀ dára fún ilẹ̀ pupa wa, ṣùgbọ́n sípíríǹgì iwájú àwọn mìíràn wúwo lásán. Láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n, o kò nílò rẹ̀. Ẹni kékeré kò gbọdọ̀ ru ẹrù tí kò ràn án lọ́wọ́.

Ní ti kíkọ́ rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ lẹ́yìn gìrì. Jẹ́ kí wọ́n yọ pẹ́dàlì méjèèjì. Ti ọwọ́ ọ̀tún, òsì ni wọn yóò yí i sí kí ó tó tú. Ti òsì, ọ̀tún ni. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò ba ojú rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà, jókòó, fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, kí o máa rìn, kí o sì máa gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ lórí pápá tó dà gẹ̀rẹ́. Nígbà tí o bá ti lè gbé ẹsẹ̀ sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ pápá dé òpin, kí wọ́n dá pẹ́dàlì padà. Kí o tó bọ́ sí títì, dé akoto, wọ aṣọ tó tàn, kí o sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bàbá bá mi ta kẹ̀kẹ́ ńlá náà fún àgbẹ̀ gíga kan ní Ìfọ́n, mo sì pàdánù owó díẹ̀. Bí ọkùnrin náà ti gùn ún, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n rán an mọ́ ọn lára. Kẹ̀kẹ́ burúkú kọ́ rárá. Èyí tí mo ń gùn nísinsìnyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 24, igi rẹ̀ kò sì ju íńṣì 24 àti ààbọ̀ lọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì mi kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ọmọdé ni. Mo ní kí wọ́n rántí pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Nítorí náà, àbúrò mi, ọkọ rẹ kò ṣe ọ́ níbi. Má bá a jà, mú un dání lọ, kí ó gbé téèpù lọ́wọ́. Bí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fẹ́ tà fún ọ kò bá bá ẹsẹ̀ rẹ mu, kí ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀, kí ẹ fi owó ẹgbẹ́ sí àpò padà. Owó ọ̀kadà oṣù kan sí i sàn ju owó oníṣègùn lọ. Èyí tó bá ọ mu ń bẹ níbì kan. Bí o bá rí i, tí a sì pàdé lójú ọ̀nà Ìfọ́n ní òwúrọ̀, lu aago rẹ, èmi náà yóò lu tèmi.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.