Páànù Kì í Ṣe Òrùlé

Bí ilé bá ń jò láàrin àwọn Yorùbá tó ń gbé Abidjan, gbólóhùn kan ṣoṣo ni onílé, ayálégbé àti káfíńtà sábà máa ń sọ: ‘Ẹ jẹ́ kí á pààrọ̀ páànù.’ Gbólóhùn náà rọrùn, ó sì dà bí ẹni pé kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, yóò rí i pé òrùlé ló bàjẹ́, páànù nìkan sì ni ẹnu dárúkọ. Igi tó gbé páànù dúró kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Àjà kò sí níbẹ̀. Etí òrùlé tó yẹ kó gbé omi kúrò lára ògiri kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àyè tó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa gbà láàrin páànù àti àjà kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí owó bá jáde, páànù nìkan ni owó náà máa ń rà. Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, ilé a tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò, wọn a sì máa pariwo pé páànù ayé ìsinsìnyí kò dára, pé ti àtijọ́ ló lágbára.

Ibi tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń gbé mú kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ le. Àwọn Yorùbá, tí àwọn ará Côte d'Ivoire ń pè ní Anago, ti pẹ́ ní Abidjan. Púpọ̀ nínú wọn ló ti Èjìgbò, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, wá. Ẹni tó bá sì dé Èjìgbò lónìí yóò gbọ́ èdè Faransé lẹ́nu ọmọdé àti àgbà. Ní Treichville, Adjamé, Koumassi àti Abobo, inú àgbàlá ni ọ̀pọ̀ ń gbé: yàrá yí àgbàlá ká, ìdílé mẹ́fà, mẹ́wàá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ omi kan, òrùlé kan. Ó fara jọ agbo ilé Yorùbá, àfi pé àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá, òrùlé náà kì í sì í ṣe tiwọn. Bí ó bá jò ní igun kan, omi a gba orí igi lọ sí igun kejì. Ẹni tó bá lẹ ojú ihò kan pa lórí yàrá tirẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ojú ọjọ́ ibẹ̀ kò sì fi àyè gba iṣẹ́ àbọ̀. Òjò ọdún kan ní Abidjan sábà máa ń ju 1,500 mílímítà lọ, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ a sì rọ̀ láàrin oṣù karùn-ún sí oṣù keje. Ní òru ọjọ́ 18 mọ́jú ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2018, ìkún omi pa ó kéré tán ènìyàn 18 ní ìlú náà. Ọ̀rọ̀ ìkún omi yàtọ̀ sí ti òrùlé, kò sì yẹ kí a dà wọ́n pọ̀. Irú òjò tí òrùlé ibẹ̀ ní láti gbà lórí ni a fi ìyẹn mọ̀. Òkun ń bẹ ní gúúsù, ọ̀sà Ébrié sì la àárín ìlú já. Ní Port-Bouët àti Vridi, afẹ́fẹ́ tó ń ti òkun bọ̀ a máa gbé iyọ̀ wá sórí páànù, iyọ̀ yìí a sì jẹ síǹkì tí wọ́n fi bo irin lára. Bí síǹkì bá ti tán, irin a dógùn-ún. Páànù tí yóò pẹ́ ní Òṣogbo tàbí ní Bouaké kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ létí òkun.

Àwọn baba ńlá Yorùbá kò fi òrùlé ṣeré. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, koríko ni wọ́n fi ń bo ilé. Ní Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ ni wọ́n ń kó wá bo ààfin, ọdún Bẹẹrẹ sì ti ibẹ̀ gba orúkọ. Ní ilẹ̀ igbó, ewé gbọ̀dọ̀gì ni. Òrùlé náà ga, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nítorí koríko tí omi bá dúró lé lórí yóò jẹrà. Ó nípọn, oòrùn kò lè gbà á kọjá. Etí rẹ̀ wá sílẹ̀ kọjá ògiri, nítorí ògiri amọ̀ tí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ bá ń kán sí lára yóò wó ni. Lábẹ́ rẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé, àjà tí wọ́n fi igi àti amọ̀ ṣe a máa dá ooru dúró, a sì máa gba ẹrù inú yàrá sílẹ̀ bí iná bá mú koríko. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí èdè lò fún gbogbo iṣẹ́ yìí ni bo: wọ́n bo ilé. Ilé lápapọ̀ ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣe náà. Nígbà tí páànù dé, ọ̀rọ̀ ìṣe yí padà sí kan: wọ́n kan páànù. Àbọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ilé mọ́, ọjà tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù ni. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ní kí a padà sí koríko. Ohun tí iná fi ojú àwọn ìlú Yorùbá rí nígbà náà tó ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ju koríko nù, wọ́n ju àjà, ìnípọn àti etí gígùn nù pẹ̀lú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn wọ̀nyí ló ń fa iná.

Ooru ni àkọ́kọ́ nínú ohun tí ‘kan’ kò rí sí. Páànù tí oòrùn ọ̀sán bá pa lè gbóná kọjá ìwọ̀n 60 Celsius, ooru náà a sì máa ràn sílẹ̀ sórí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó jókòó ti ààrò. Bí páànù bá ṣì ń dán, a máa dá púpọ̀ nínú ìtànṣán oòrùn padà. Bí ó bá ti dógùn-ún, tàbí tí wọ́n bá kun ún ní ọ̀dà dúdú kó má baà jò, ṣe ló ń mu ooru náà. Oògùn òjò ló di àìsàn ooru. Ní òru, páànù a tutù kíákíá, ọ̀rinrin inú yàrá, ìyẹn èémí ènìyàn mẹ́fà, oruku ìkòkò àti omi ara aṣọ tí wọ́n sá, a gbára jọ sábẹ́ rẹ̀, a sì máa kán sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ní ó ń jò láìsí òjò, tí wọ́n sì ti ń wá ẹni tó ń ṣe wọ́n kiri, òógùn páànù lásán ni.

Ìwòsàn rẹ̀ kò ṣàjèjì, kò sì jìnnà. Ní ọdún 2001, ní abúlé Gando ní Burkina Faso, tí í ṣe aládùúgbò Côte d'Ivoire, Francis Kéré kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Bíríkì amọ̀ ló fi ṣe àjà rẹ̀. Ó wá fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ gbé páànù sókè réré kúrò lórí àjà náà, tí afẹ́fẹ́ fi ń gba àárín wọn kọjá, tó sì ń gbé ooru lọ. Etí páànù yọ jáde kọjá ògiri kí òjò má baà nà án. Ilé yìí gba ẹ̀bùn Aga Khan ní 2004, Kéré fúnra rẹ̀ sì gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022. Páànù kan náà tí gbogbo ènìyàn ń lò ni Kéré lò. Ṣáájú rẹ̀, ní 1949, Jean Prouvé ti ṣe ilé onírin kan fún Niamey tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì nítorí afẹ́fẹ́. Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, tẹ ìwé jáde ní 1956 lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru tó ní ọ̀rinrin. Ìmọ̀ náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹni tó bá ń sọ lónìí pé bí ilé onípáànù ṣe ń rí nìyẹn, pé ó di dandan kó gbóná, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ni.

Omi ni èkejì. Yorùbá ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, ohun tí ọ̀pọ̀ káfíńtà sì ń ṣe gan-an nìyẹn. Wọn a ṣí páànù àtijọ́, wọn a rí i pé ikán ti jẹ igi, pé omi ti sọ ọ́ di rírọ̀, wọn a sì kan páànù tuntun mọ́ igi náà. Ìṣó kò ní rí ibi dì mú. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, páànù a máa mì, ihò ìṣó a fẹ̀, omi a wọlé. Wọn a wá gbé táyà àti òkúta sórí òrùlé kó má baà ṣí lọ, òkúta a tún tẹ páànù kòtò, omi a dúró sínú kòtò náà. Nínú yàrá, ògiri a máa hu bí búrẹ́dì tó ti pẹ́, wáyà iná a máa mu omi. Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwé ìlànà jáde ní 2009 lórí ọ̀rinrin àti ohun tó ń hu lára ògiri, wọ́n sì so ó mọ́ ikọ́ àti ikọ́ fée. Àwọn ọmọdé inú àgbàlá ló ń wú u.

Olówó a máa rò pé òun ti bọ́ nínú èyí nítorí pé òun da kọnkéré sórí ilé, èyí tí Faransé ń pè ní dalle. Bí kò bá dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, tí wọn kò sì fi ohun tí omi kì í gbà kọjá bò ó dáadáa, omi a dúró lórí rẹ̀, oòrùn a là á, irin inú rẹ̀ a dógùn-ún, a wú, a sì máa fọ́ kọnkéré jábọ́ láti ìsàlẹ̀. Èyí tún wọ́n ju páànù lọ láti tún ṣe. Ti àwọn tó ń fi owó Abidjan kọ́lé sí Èjìgbò náà kò sàn: òrùlé olórí méje, mẹ́jọ, tí gbogbo ibi tí orí méjì ti pàdé jẹ́ ibi tí omi lè gbà wọlé, lórí ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ tí yóò tètè mọ̀ pé ó ti ń jò.

Àwọn kan yóò ní, ‘Owó dà?’ Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ẹnu onílé kọ́ ló yẹ ẹ́. Onílé tó pààrọ̀ páànù lẹ́ẹ̀mẹta láàrin ọdún mẹ́wàá ti ná owó igi àti àjà, kò kàn mọ̀ ni. Àwọn mìíràn a sì fi òwe gbe ara wọn lẹ́yìn pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Wọ́n gbàgbé pé ọba kì í kan páànù tuntun mọ́ igi tó jóná. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ òrùlé ní tòótọ́ yóò ṣí gbogbo rẹ̀, yóò fi ọ̀bẹ gún igi kọ̀ọ̀kan wò, yóò yọ èyí tó bá rọ̀, yóò sì fi oògùn ikán pa èyí tó kù. Yóò jẹ́ kí páànù kan gun èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 níbi tí wọ́n ti pàdé. Ìṣó oníròbà ni yóò lò, yóò sì kàn án sórí ibi tó ga lára páànù, kì í ṣe inú kòtò tí omi ń gbà. Kò ní fi ìṣó irin lásán kan aluminiomu létí òkun, nítorí àwọn méjèèjì kì í gbé pọ̀ nínú iyọ̀. Yóò ṣe àjà, yóò fi nẹ́ẹ̀tì dí àyè afẹ́fẹ́ kí eku àti àdán má baà wọlé. Bí ohun tó wà lórí ilé bá sì jẹ́ àwo sìmẹ́ńtì eléérú ti àtijọ́, kò ní fọ́ ọ tàbí kó fi ayùn rẹ́ ẹ: asbestos wà nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ekuru rẹ̀ a sì máa fa jẹjẹrẹ. Ilẹ̀ Faransé ti fi òfin dè é láti 1997.

Àwọn olùkọ́ èdè náà ní ẹ̀bi tiwọn. Wọ́n ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí sì dára, ṣùgbọ́n ọmọ tó parí ẹ̀kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ wọn lè má mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, ‘sílíìnì’ nìkan ni yóò sì pe àjà. Ayálégbé tí kò ní orúkọ fún àjà kò lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Bí àgbàlá bá fẹ́ bá onílé sọ̀rọ̀, kí wọ́n dárúkọ igi, àjà, etí àti àyè afẹ́fẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ní kí káfíńtà kọ iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, dípò kí ó kàn ka iye páànù. Oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni àsìkò rẹ̀, nígbà tí òjò dá, tí igi gbẹ, tí káfíńtà sì ń wá iṣẹ́. Onílé tó bá dúró di oṣù kẹfà, inú òjò ni yóò ti ṣí òrùlé kúrò lórí àwọn tó ń san owó ilé fún un.